I. B. Thomas àti Obìnrin Tí Kò Sí Láyé

Abala Àwọn Tó Ti Lọ tún ti dé. Lọ́sẹ̀ yìí, akọ̀ròyìn ni a mú wá fún yín, torí iṣẹ́ tiwa náà nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ ni Isaac Babalọlá Thomas, I. B. Thomas ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, nítorí Fágúnwà ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀. Ṣùgbọ́n kí Fágúnwà tó gbé ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1938, Thomas ti kọ ìtàn kan tó gba ẹnu àwọn ará Èkó kan. Ìtàn obìnrin kan ni. Obìnrin yìí kò sí láyé, síbẹ̀ àwọn èèyàn ń kọ̀wé sí i, wọ́n sì ń fowó ránṣẹ́ sí i.

Wọ́n bí Thomas ní 1888. Nígbà náà, Èkó ti wà lọ́wọ́ òyìnbó láti 1861, ilé-ìwé àwọn míṣọ́ọ̀nù ti pọ̀ níbẹ̀, àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà sì ti padà wá láti òkè òkun, wọ́n ń gbé níbẹ̀. Kò ṣàjèjì rárá kí ọmọ Yorùbá jẹ́ Thomas tàbí Williams tàbí Johnson, kó sì tún ní orúkọ ilé. Lédè kan, èdè méjì ni ìlú náà ń sọ: èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọ́fíìsì àti kóòtù, èdè Yorùbá fún ilé, ọjà àti ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìwé ìròyìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ní 1922, Adéoyè Dẹ́nígà dá Èkó Àkéte sílẹ̀. Ní 1923, E. A. Akíntán gbé Ẹlẹ́tí Ọfẹ jáde. Àwọn mìíràn tún tẹ̀ lé e. Ní 1928 ni Thomas dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì pè é ní Akéde Èkó. Èdè méjèèjì ló ń lò nínú rẹ̀. Ẹ má rò pé olóòtú ayé ìgbà yẹn ní òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ o. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá ìròyìn, òun ni yóò kọ ọ́, òun náà ni yóò tún máa bẹ àwọn oníbàárà kí wọ́n wá san gbèsè ìwé tí wọ́n ti kà tán. Bí ìwé kò bá tà lọ́sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ilé iṣẹ́ lè ti ilẹ̀kùn. Gbogbo wọn sì ń fojú sí oníbàárà kan náà.

Akíntán ló kọ́kọ́ fi hàn pé ìtàn lè tà ju ìròyìn lọ. Ó kọ ìtàn ọmọ òrukàn kan sínú Ẹlẹ́tí Ọfẹ, díẹ̀díẹ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá ti ka ti ọ̀sẹ̀ yìí, kó sí bó ṣe fẹ́ ṣe é tí kò ní ra ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Thomas náà ń wò ó.

Ó di July 1929. Lẹ́tà kan jáde nínú Akéde Èkó. Obìnrin arúgbó kan ló kọ ọ́ sí olóòtú. Ó ní àìsàn ń ṣe òun, ikú ò jìnnà sí òun mọ́, òun sì fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé òun kí àwọn ọ̀dọ́ má baà rìn ní ọ̀nà tí òun rìn. Ó ní ìtìjú kò ní jẹ́ kí òun sọ orúkọ òun gan-an, kí wọ́n máa pe òun ní Sẹ̀gilọlá. Ẹ mọ sẹ̀gi, ìlẹ̀kẹ̀ olówó ńlá tí àwọn àgbà ń lò. Ó tún fi oríkì kún un: Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé. Ẹgbẹ̀rún ọkọ! Ẹ wo bí olùkàwé Èkó á ṣe la ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Láti July 1929 títí di March 1930, lẹ́tà ń tẹ̀ lé lẹ́tà. Sẹ̀gilọlá sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe fi ọwọ́ líle tọ́ ọ, bí ẹwà rẹ̀ ṣe yọ, bí àwọn ọkùnrin ṣe ń wá, bí ó ṣe ń ná wọn lówó, tó ń fi ọ̀kan ṣe yẹ̀yẹ́ lójú èkejì. Ó dárúkọ àdúgbò tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ó rántí orin tí wọ́n ń kọ ní ìgboro nígbà èwe rẹ̀. Ó fa Bíbélì yọ, ó fi òwe gbè é, ó sunkún, ó tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ó tún ń ké ìrora ara rẹ̀ fún olóòtú. Bí ẹnikẹ́ni bá kà á, á rò pé ìyá àgbà kan ló jókòó tì í lórí àpótí, tó ń rojọ́ ayé rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Àwọn òǹkàwé gbà á gbọ́, tàbí ká sọ pé wọ́n ṣe bí ẹni pé wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n kọ̀wé sí olóòtú nípa rẹ̀. Wọ́n ń bá a kẹ́dùn. Ẹni kan tilẹ̀ fi owó sínú lẹ́tà, pé kí olóòtú bá òun fún Sẹ̀gilọlá, kó fi tọ́jú ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, Sẹ̀gilọlá kò ní ara. I. B. Thomas ni. Ọkùnrin ọmọ ọdún 41 tó jókòó ti tábìlì, tó gbé kálàmù, tó sì ń sunkún bí obìnrin arúgbó.

Nísinsìnyí, ìbéèrè tó mú wa kọ abala yìí nìyí: ṣé òǹkọ̀wé lè nífẹ̀ẹ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ dá? Kò sí ẹni tó lè wọ inú ọkàn Thomas lọ wò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn máa ń tú àṣírí rẹ̀, ẹ sì jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ kékeré kan tó wà nínú àkọlé ìtàn náà: Èmi. Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Sẹ̀gilọlá. Thomas ì bá kọ ọ́ báyìí pé obìnrin kan wà ní Èkó, ayé rẹ̀ bàjẹ́, ẹ̀yin ọmọbìnrin ẹ ṣọ́ra. Ìbá ti rọrùn. Àmọ́ ó bọ́ sínú awọ obìnrin náà. Ẹni tó bá fẹ́ pe ẹlòmíràn ní èmi fún oṣù mẹ́jọ gbáko gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń dùn ún, ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, irú ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí inú bá ń bí i. Èèyàn kì í ṣe irú làálàá bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò kà sí.

Èkejì, Thomas kò sọ obìnrin náà di ìwàásù lásán. Ìtàn ìrònúpìwàdà ni a ní ká kà, ṣùgbọ́n ibi tó dùn jù nínú rẹ̀ ni ibi tí Sẹ̀gilọlá ti ń rántí ìgbà tí ayé dùn. Á ní òun kábàámọ̀ o, àmọ́ ẹ ó kàn rí i pé ojú rẹ̀ tún ti tàn, ó ti ń ròyìn aṣọ, orin àti àwọn ọkùnrin tó ń wárí fún un. Òǹkọ̀wé tó kórìíra rẹ̀ kò ní jẹ́ kó gbádùn ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Yorùbá tó ládùn jù lọ́wọ́ Thomas, òun ló kó fún un.

Ẹ̀kẹta, ó fara pamọ́ kí obìnrin náà lè hàn. Nígbà tí wọ́n tẹ àwọn lẹ́tà náà pọ̀ sí ìwé ní 1930, ipò olóòtú ni Thomas fi ara rẹ̀ sí. Sẹ̀gilọlá ló ni ìtàn. Ẹ̀yin tó máa ń jà nítorí pé a gbàgbé láti kọ orúkọ yín sábẹ́ àpilẹ̀kọ, ẹ ṣe é rí báyìí? Ó kọ ìwé tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ń pè lónìí ní ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ó sì fi ògo náà lé obìnrin tí kò sí lọ́wọ́.

Kì í ṣe òun nìkan ni irú èyí ṣe. Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ní ìtàn agbẹ́gilére kan, Pygmalion, tó gbẹ́ ère obìnrin, tí ìfẹ́ ère náà sì kó sí i lórí. Ìtàn ni ti Pygmalion, ṣùgbọ́n ti Charles Dickens ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ní 1841, nígbà tó fẹ́ pa ọmọbìnrin kékeré kan, Nell, nínú ìtàn tó ń kọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn òǹkàwé bẹ̀ ẹ́ pé kó má pa á, òun alára sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ló kú. Ní ilẹ̀ Faransé, Gustave Flaubert kọ ìtàn Emma Bovary, ìwé náà sì jáde ní 1857. Ó ní nígbà tí òun ń kọ ibi tí Emma ti gbé májèlé jẹ, òun ń tọ́ májèlé náà wò lẹ́nu òun. Èyí tó jọ ti Thomas jù ni ti Daniel Defoe, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ ìtàn Moll Flanders ní 1722. Moll náà ti dàgbà, ó fẹ́ ọkọ púpọ̀, ó jalè, ó ronú pìwà dà, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ ọ́. Defoe náà kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ó dára. A ti yìn ín. Ẹ jẹ́ ká wá yí apá kejì ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí ìyẹn ló ba àwa ọmọ ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn gan-an.

Tí bàbá àgbà bá fẹ́ pa àlọ́, kí ló máa kọ́kọ́ ṣe? Á ké àlọ́ o, a ó sì dáhùn. Láti ìgbà yẹn lọ, bí ìjàpá bá wọ agbádá lọ sóde ìyàwó, kò sẹ́ni tó máa pè é ní òpùrọ́. A ti jọ ṣàdéhùn. Thomas kò ké àlọ́ o. Inú ìwé ìròyìn kan náà tó ń ròyìn ikú, kóòtù àti ọ̀rọ̀ ìjọba ló lẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá sí. Ẹni tó fi owó ránṣẹ́ yẹn kò fi ránṣẹ́ sí ìjàpá. Aláàánú ni, ó rò pé aláìsàn kan ń jìyà ní ìgboro Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláìsàn gidi wà nínú ìlú náà tí owó ọ̀hún ì bá ràn lọ́wọ́.

Ohun kejì tún wà. Àwọn ọmọbìnrin nínú ẹgbẹ́ wa ló ṣàkíyèsí rẹ̀ nígbà tí a ń jíròrò lórí abala yìí. Ẹgbẹ̀rún ọkọ, ó dáa, ṣé Sẹ̀gilọlá nìkan ló dá ẹ̀ṣẹ̀ náà? Òun ni àìsàn dá dùbúlẹ̀. Òun ni ìtìjú kò jẹ́ kó sọ orúkọ. Àwọn ọkùnrin náà ńkọ́? Ta ló pe àwọn náà kí wọ́n wá kọ lẹ́tà ìrònúpìwàdà? Thomas fẹ́ràn obìnrin yìí tó bẹ́ẹ̀ tó fi fún un ní ohùn, síbẹ̀ òun náà ló fi àìsàn nà án kí àwọn oníwàásù lè fọwọ́ sí i. Ìfẹ́ òǹkọ̀wé kì í fìgbà gbogbo ṣàánú. Ẹni tó bá ń kọ ìtàn láàárín wa, tó bá ti rí i pé ọmọbìnrin inú ìtàn òun ló máa ń jìyà ohun tí ẹni méjì jọ ṣe, kó dákẹ́ díẹ̀ kó bi ara rẹ̀ ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wálé wàyí. Nínú ètò ìkànìyàn 1931, àwọn tó ń gbé Èkó lé ní 120,000. Sẹ̀gilọlá rí ibi sá pamọ́ sí láàárín wọn. Ẹ wo etí omi tiwa níbí, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ilé wà lórí òpó, afárá pákó so ojúlé mọ́ ojúlé, ẹni tó yan ẹja ní ìhín ń gbúròó ẹni tó ń pa àwọ̀n pọ̀ ní ọ̀hún. Tí a bá lẹ irú lẹ́tà Sẹ̀gilọlá mọ́ ògiri yìí láàárọ̀, kí bóòtì ọ̀sán tó ti Ìgbọ́kọ̀dá dé, wọn á ti mọ ilé rẹ̀, wọn á ti mọ ìyá rẹ̀, wọn á ti mọ kíláàsì tí ọmọ rẹ̀ wà. Wọn á sì ti ṣì í mú. Ọmọ ọlọ́mọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n á máa nàka sí lórí ìlà nígbà tí a bá ń kọrin àárọ̀. Ẹni tó kọ ọ́ á wà láàárín èrò, á máa rẹ́rìn-ín.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwa tí a wà létí òkun ní ìròyìn tó jọ àròsọ, tó sì jẹ́ òótọ́ pọ́nńbélé. Wọ́n tẹ Ayétòrò dó ní 1947, ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn jákèjádò Nàìjíríà nítorí ìṣọ̀kan àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀ lọ, ó sì ń gbé e lọ síbẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tí kò dé etí òkun rí pé àdúgbò kan tí èèyàn ti ṣeré lọ́mọdé ti di ibi tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, á ní ẹ ń pàlọ́. A nílò kí wọ́n gbà wá gbọ́. Tí ìwé ìròyìn ara ògiri yìí bá ti fi ìtàn ṣe ìròyìn lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ tí a bá kọ ọ́ pé òkun tún gbé ilé márùn-ún lọ, tí a ń wá ìrànwọ́ fún àwọn onílé, ta ni yóò yọ owó nínú àpò rẹ̀?

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa kò gbà bẹ́ẹ̀ o. Wọ́n ní tí Thomas bá ti kọ ìtàn àròsọ sókè lẹ́tà náà, kò sẹ́ni tó máa sunkún, kò sẹ́ni tó máa kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìtumọ̀ díẹ̀. Àmọ́ ẹ wò ó: gbogbo wa la mọ̀ pé kò sí Àkàrà-ògùn níbì kankan lórí ilẹ̀, síbẹ̀ ara wa ń bù máṣọ nígbà tó wọ Igbó Irúnmọlẹ̀. Àwọn òǹkàwé Dickens mọ̀ pé ìtàn ni, wọ́n ṣì sunkún. Ẹni inú ìtàn tí òǹkọ̀wé bá fẹ́ràn dénú, tó mọ̀ ọ́n délé dóko, kò nílò irọ́ kó tó wọ òǹkàwé lára. Thomas alára lè má mọ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n kọ tó.

Ìyókù ìgbésí ayé rẹ̀ kò gùn láti sọ. Ó ń bá Akéde Èkó lọ fún ohun tó lé ní 20 ọdún, èyí tó ṣọ̀wọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn ìgbà náà ló ti kú láàárín ọdún díẹ̀. Ó tún máa ń rìnrìn àjò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, á sì kọ ohun tó rí sínú ìwé rẹ̀ kí àwọn ará Èkó lè mọ̀ pé ayé kò parí sí ọ̀sà. Ó kú ní 1963. Ọdún yẹn náà ni D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ wa níbí, bá odò Ọya lọ ní December. Ọdún kan ṣoṣo ló mú àwọn méjèèjì lọ.

Sẹ̀gilọlá kò bá wọn lọ. Ìwé rẹ̀ sùn fún ìgbà pípẹ́, kò wọ́pọ̀ lórí àtẹ mọ́, títí Karin Barber, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, fi tún un tẹ̀ ní 2012, Yorùbá lójú kan, Gẹ̀ẹ́sì lójú kejì. Thomas lo ọdún 75 láyé. Obìnrin tó dá, tó ní ikú ti dé ẹnu ọ̀nà òun ní 1929, ti jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Tó bá di July 2029, á pé 100 ọdún tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́.

Nítorí náà, ìpinnu ẹgbẹ́ wa nìyí. Ẹni tó bá ní ìtàn, kó mú un wá fún tíṣà tó ń bójú tó wa kó tó di ọjọ́ Friday. Ẹ fẹ́ràn ẹni tí ẹ ń kọ nípa rẹ̀ bó bá ṣe wù yín tó, ẹ sunkún nítorí rẹ̀, ẹ fi Yorùbá tó dùn jù lẹ́nu yín kẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ìtàn àròsọ gàdàgbà sí òkè ìwé, kí ẹ sì kọ orúkọ tiyín sísàlẹ̀. A kò gba Sẹ̀gilọlá kankan o.